Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Nínú Yàrá Físíìsì

Ọkùnrin kan wà tó fi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ìjọ Àgùdà ní físíìsì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn lè jókòó sórí àga kó máa rò ó lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tíṣà físíìsì ò ráyè ìjókòó. Òun ni yóò gbé ìwọ̀n, òun ni yóò so okùn mọ́ irin, òun ni yóò ṣa bátìrì kan tó ṣì lẹ́mìí jáde láàárín mẹ́wàá tó ti kú, òun náà ni yóò tún máa bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi ahọ́n tọ́ wáyà wò. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Kí-Ló-Fà-Á, torí ìbéèrè tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ilẹ̀kùn gbá, kí ló fà á? Ọmọ kan sín, kí ló fà á? Lọ́jọ́ kan ọmọkùnrin kan sùn lọ fọnfọn ní kíláàsì, ó jí i, ó bi í pé kí ló fà á, ọmọ náà nu ojú, ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Gbogbo kíláàsì kú fún ẹ̀rín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, tó ń nù ún. Ẹni tó ṣeé bá ṣeré ni.

Yàrá físíìsì rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ilé àdúrà. Tábìlì gígùn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, igi wọn ti dúdú, orúkọ àwọn ọmọ tó ti di bàbá àti ìyá àwọn ẹlòmíràn sì wà lára wọn, èyí tí wọ́n fi ẹnu kọ́ńpáàsì gbẹ́. Àgbélébùú wà lókè pátákó ìkọ̀wé, aago ògiri wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn yàrá náà ni iyàrá kótópó kan wà tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó ní fèrèsé onígíláàsì kan tó kọjú sí àwọn tábìlì. Níbẹ̀ ni Kí-Ló-Fà-Á ti ń jẹun ọ̀sán rẹ̀, láàárín àwọn dígí, òṣùwọ̀n àti àpótí wáyà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ rí ọkọ òun kó jẹun délẹ̀, àfi kí òun gbé abọ́ sórí òṣùwọ̀n.

Nǹkan kan wà nílé-ìwé yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí òun ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ilé àdúrà yóò fa okùn agogo, gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà yóò sì dìde dúró. Ẹni tó ń gbálẹ̀ yóò fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹun yóò gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọn yóò ka àdúrà Áńgẹ́lúsì pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, kí wọ́n tó padà sẹ́nu ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàbá Alágogo kì í yá, kì í pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń wò tún aago tiwọn ṣe.

Nígbà tí Kí-Ló-Fà-Á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, tí irun orí rẹ̀ ṣì pé, Sista tó jẹ́ pírínsípà nígbà yẹn wọlé bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Agogo ń dún, àwọn ọmọ ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn ṣì ń fì síwá sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan sì ń kà á bó ṣe ń ṣe àmì àgbélébùú: méje, mẹ́jọ, ní orúkọ Bàbá, mẹ́sàn-án. Sista ò bínú. Ó kàn wo tíṣà ni. Ẹni tí Sista yẹn bá wò bẹ́ẹ̀ rí yóò sọ fún yín pé ìbá tẹ́ òun lọ́rùn kó na òun.

Láti ọjọ́ náà ló ti ṣe òfin fún kíláàsì rẹ̀. Bí agogo bá dún, fi àtàǹpàkò tẹ sítọ́ọ̀pù-wọ́ọ̀ṣì kó dúró, gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kalẹ̀, dìde, gbàdúrà. Bí àdúrà bá parí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ilé-ìwé ṣe rí, ibi tó bá rọrùn ni wọ́n ń dì mú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìparí òfin náà já bọ́, ó wá ku: tẹ̀ ẹ́, dìde, gbàdúrà, tún un tẹ̀, máa bá iṣẹ́ lọ. Kí-Ló-Fà-Á rí i pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò bá wọn jà. Okùn tó ń fì ni wọ́n sábà ń lò lọ́sàn-án, bí wọ́n bá dì í mú tí wọ́n tún tú u sílẹ̀, àṣìṣe inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀kọ́ nípa ooru ńkọ́? Àárọ̀ Ọjọ́rú ló ń kọ́ wọn ní ìyẹn, kí oòrùn tó sọ yàrá náà di ààrò. Fún ọdún mẹ́tàlélógún, omi gbígbóná àti agogo ọ̀sán ò pàdé rí nínú yàrá yẹn.

Ọjọ́ ìdánwò àṣejáde ni wọ́n pàdé.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló forúkọ sílẹ̀ fún físíìsì lọ́dún náà. Láàárín wọn ni ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Télọ̀, torí bàbá rẹ̀ ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún gbogbo wọn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá ní kó fi gègé búlúù fa ìlà, ó lè wá a yíká ọgbà kó tó rí i, ṣùgbọ́n kò ní fi dúdú fà á. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àwọn ilé ìwòsàn ti gbà á wọlé, àdéhùn kan péré ni wọ́n bá a ṣe: kó mú èsì físíìsì wá kí oṣù kẹsàn-án tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí-Ló-Fà-Á fúnra rẹ̀ ló bá a kọ fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ tirẹ̀ méjèèjì ò ya ibi físíìsì rárá, ọ̀kan ń ta bàtà, ọ̀kan ń kọ́ òfin. Ọmọ Télọ̀ yìí ló ń fi yangàn nílé, débi pé ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í léèrè pé, "Ọmọ wa kẹta yẹn ńkọ́ lónìí?"

Òfin àjọ tó ń ṣe ìdánwò yìí le koko lórí pírátíkà, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ ṣe. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ni yóò to irinṣẹ́. Bó bá ti tò ó tán, kó wọ iyàrá irinṣẹ́ lọ, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó má bá ọmọ kankan sọ ohunkóhun títí wọn yóò fi ṣe tán. Bó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, kó jẹ́ ìkíni lásán, wọn yóò fagi lé èsì gbogbo ilé-ìwé náà, gbogbo iṣẹ́, gbogbo ọmọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí níbìkan, tíṣà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní àmì ló fi ń ṣe. Ọmọ igba dín márùn-ún ló tún ìwé mẹ́wàá kà nítorí ikọ́ ẹnìkan.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n parí kó tó di ọ̀sán. Alábòójútó tí àjọ náà rán wá, tí àpò ìbéèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dé títí aago mẹ́wàá fi kọjá. Ó wọlé pẹ̀lú òógùn, ọ̀rá mọ́tò ti ba ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́. Ó ní táyà òun bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bu omi fún un, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n já àpò. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, inú gbogbo wọn sì dùn pé ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí agogo, torí ní gbogbo ọdún, kí agogo tó dún ni wọ́n ti ń parí.

Ìbéèrè kìíní jẹ́ ti dígí. Ìkejì ló kó máàkì jù, òun ni ti omi gbígbóná. Wọn yóò da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú ife irin, wọn yóò ti tẹmómítà bọ̀ ọ́, wọn yóò máa kọ bó ṣe gbóná tó sílẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú ìdajì ìṣẹ́jú, wọn yóò sì fi ohun tí wọ́n kọ fa gíráàfù. Kí-Ló-Fà-Á ló ń se omi náà nínú iyàrá irinṣẹ́, nínú kẹ́tù ńlá kan ṣoṣo. Nígbà tó hó, ó gbé e fún alábòójútó lẹ́nu ọ̀nà, onítọ̀hún bù ú yíká tábìlì, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ aago wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ojú fèrèsé wò wọ́n. Inú rẹ̀ dùn sí bí wọ́n ṣe tẹ orí ba, tí ẹnikẹ́ni ò fi ìka ro omi. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù kí aago méjìlá lù. Ó rí aago ògiri náà tó kọjú sí i gbangba, kò sì fu ú lára rárá.

Bí agogo ṣe dún, òun gan-an ló kọ́kọ́ dìde. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ má bú u. Ohun tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń ṣe fún ọdún mẹ́tàlélógún kì í dúró gba àṣẹ. Ó dìde lórí àpótí tó fi ṣe ìjókòó, ó ti ka ìlà àkọ́kọ́ nínú àdúrà náà sínú, kó tó gbọ́ bí àwọn àga ṣe ń họ ilẹ̀ nínú yàrá lọ́hùn-ún. Ó gbé ojú sókè. Àtàǹpàkò méjìdínlọ́gbọ̀n ti tẹ sítọ́ọ̀pù-wọ́ọ̀ṣì. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ti dìde gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn, gègé ti wà lórí tábìlì, ọwọ́ ti pàdé ọwọ́. Alábòójútó náà tẹrí ba tiẹ̀, ó jọ pé ìjọ kan náà ló ń lọ. Àwọn mẹ́ta péré ló jókòó. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tí òbí wọn ti gbà á láyè fún wọn láti kékeré pé kí wọ́n má bá wọn ka àdúrà náà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní Kò-Kàn-Mí, tí wọ́n ti lé lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí pé kì í dìde fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe bíṣọ́ọ̀bù.

Omi ò bá wọn dúró. Ibi tí Kí-Ló-Fà-Á wà, kò lè rí mákúrì inú tẹmómítà, ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá rí i kó tó mọ̀. Ó rí ooru tó ń rú lórí ife irin méjìdínlọ́gbọ̀n. Aago ti dúró, omi ń tutù lọ. Bí wọ́n bá padà jókòó, wọn yóò tún aago tẹ̀, wọn yóò ka tẹmómítà, ìdajì ìṣẹ́jú kan lórí ìwé yóò gbé ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ mì, omi yóò sì dà bí ohun tó já bọ́ láti òkè àjà.

Ó gbé ọwọ́ sókè láti kan gíláàsì fèrèsé. Ọwọ́ náà dé iwájú gíláàsì, ó dúró. Ó rántí tíṣà tó wúkọ́. Ó ro gbogbo ọmọ tó wà nínú ọgbà, àwọn tó ń ṣe ìtàn, àwọn tó ń ṣe ọ̀gbìn, tí èsì wọn yóò bá a lọ bí ìka rẹ̀ bá kan gíláàsì yẹn. Ó tún ro àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n. Bó bá kàn án, ó ba ti gbogbo ilé-ìwé jẹ́. Bí kò bá kàn án, ó ń wo ti méjìdínlọ́gbọ̀n bó ṣe ń bàjẹ́ lójú ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo pè é, àmọ́ ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun ò mọ ọdún tó gùn tó o. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè títí àdúrà fi parí. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ aago, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Wọ́n parí ní aago kan ààbọ̀. Ó jáde wá. Alábòójútó ti to ìwé jọ, ó ń wá ọ̀nà àtilọ. Ó na fọ́ọ̀mù ìròyìn ìdánwò sí i, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i níbí. Ọ̀nà mi jìn, táyà kejì yẹn ò sì dá mi lójú." Kí-Ló-Fà-Á gba gègé, ó fọwọ́ sí i. Ọkàn rẹ̀ wà lórí omi, kò ka ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń bi àtẹ́gùn léèrè ìdí tó fi ń fẹ́, lọ́jọ́ yẹn kò bi ìwé kan ṣoṣo léèrè ohunkóhun.

Nílé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó rò ó fún un. Obìnrin náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, máàkì mélòó lèyí lè mú lọ?"

Ó ṣírò rẹ̀. "Márùn-ún. Bí ẹni tó ń máàkì bá burú, mẹ́jọ."

"Máàkì mẹ́jọ ò ní ní kí Ọmọ Télọ̀ má yege. Ẹ jẹun."

Ó jẹun. Ó fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú fún oṣù méjì, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Èsì dé ní oṣù kẹjọ. Ọmọ mẹ́ta péré ló rí èsì físíìsì gbà, ẹ̀yin náà sì ti mọ àwọn tó jẹ́. Lórúkọ àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n yòókù, wọ́n fa ìlà gbọọrọ, lẹ́tà kan sì bá a wá. Lẹ́tà náà ní ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n kọ àìtọ́ kan náà ní ojú ibì kan náà, pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe pé wọ́n jọ wo ìwé ara wọn, pé àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn dára jẹ́ ẹ̀rí pé omi náà dára, irinṣẹ́ náà dára, àwọn tó fẹ́ ṣe òótọ́ sì ṣe é. Wọ́n gbóríyìn fún àwọn mẹ́ta náà. Kò-Kàn-Mí, tí ẹnikẹ́ni ò gbóríyìn fún rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, gbé lẹ́tà náà kiri ọgbà bí ẹni tó gba oyè. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Nítorí wọ́n gbọ́ràn, wọ́n pè wọ́n ní ọlọ́ṣà ìdánwò.

Sista Àgbà, pírínsípà tó wà níbẹ̀ báyìí, pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i, lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ló kọ́ wọn pé kí wọ́n dá aago dúró?"

"Èmi ni, Sista."

"Nítorí kí ni?"

"Kí wọ́n lè gbàdúrà láìsí pé ọkàn wọn pín sí méjì."

Sista ti bébà sí i lórí tábìlì. Ó ní kó kọ lẹ́tà, pé òun yóò fi ti òun lé e. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn.

Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ó se omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá aago dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta, ó fa gíráàfù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì já bọ́ níbi kan náà bíi ti àwọn ọmọ. Ẹni tó bá lójú yóò rí i. Kò fi ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wọ mọ́tò gbé e lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà, ó tò sórí ìlà láti àárọ̀. Nígbà tó kàn án, obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló jókòó lẹ́yìn káńtà. Kò yájú, kò kánjú, ó ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán pátá. Inú Kí-Ló-Fà-Á ti ń dùn díẹ̀díẹ̀ pé òun ti rí ẹni tó gbọ́ òun.

Obìnrin náà dìde, ó lọ mú fáìlì kan wá. Ó ní, "Bàbá, aago mélòó lẹ ní agogo yín ń dún?"

"Méjìlá géérégé."

"Aago mélòó ni ìdánwò parí?"

"Aago kan ààbọ̀."

Ó yí fáìlì sí i. Fọ́ọ̀mù ìròyìn ni. Alábòójútó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́ tónítóní: ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ó parí ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà fi ìka lé ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. "Ọwọ́ ta nìyí?"

Kí-Ló-Fà-Á wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń fọwọ́ sí ìwé ọmọ, tó ní ìlà gígùn nídìí. "Ọwọ́ mi ni," ló sọ.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé wọ́n ti parí kí agogo tó dún. Ẹ̀yin náà lẹ tún gbé ojú ìwé mẹ́rin wá pé agogo bá wọn nínú rẹ̀. Bàbá, èwo ni kí n gbé wọlé fún àwọn ọ̀gá mi?"

"Èyí tí mo kọ yìí ni òótọ́."

"Bóyá òótọ́ ni," obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ò le. "Èyí tí ẹ fọwọ́ sí ló wà nínú fáìlì." Ó fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà náà pé wọ́n ti gbà á, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn, ó fi fóònù pe alábòójútó. Ọkùnrin náà gbé e, ó mọ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tó bá pẹ́ dé pẹ̀lú àpò ìbéèrè, lílé ni wọ́n ń lé e. Wọn ò ní bi í bóyá táyà ni. Mo láwọn ọmọ nílé."

"Èmi náà lọ́mọ. Méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Mo mọ̀. Ẹ forí jì mí." Ó pa fóònù. Nígbà tí Kí-Ló-Fà-Á tún un pè, kò lọ mọ́, kò sì lọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó padà lọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá síwájú òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi hàn wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní kẹ́tù. Sista Àgbà kọ lẹ́tà tirẹ̀, wọ́n dá a lóhùn pé wọ́n dúpẹ́. Ó lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó gba àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ ayẹ̀jẹ̀wò sọ pé àánú Ọmọ Télọ̀ ṣe àwọn, àmọ́ ìwé ni àwọn ń wò. Gbogbo ọ̀nà tó bá tọ̀, ó ń já sí ibi tí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà. Apá rẹ̀ ò ká a mọ́. Ó gbẹ, ẹ̀wù rẹ̀ ń ṣí kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ò sì bi í mọ́ nípa ọmọ wọn kẹta.

Oṣù kẹsàn-án parí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ń to ìwọ̀n fún àwọn ọmọ kíláàsì kékeré nígbà tí Ọmọ Télọ̀ kan ilẹ̀kùn. Kò wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́. Ó wọ aṣọ tí bàbá rẹ̀ rán fún un láti fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, aṣọ náà gún régé. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó ní wọ́n ti gbé àyè òun fún ẹlòmíràn, pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá òun lọ́jọ́ Ajé, òun ní kí òun wá dúpẹ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ló fọ́ ọ. Ó ní kó jókòó, òun náà jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́: òfin tó kọ́ wọn tí ìparí rẹ̀ já bọ́ tí òun ò tún ṣe, kẹ́tù tí òun gbé fún alábòójútó láìro ti agogo, fọ́ọ̀mù tí òun fọwọ́ sí láìkà á. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan. O ò lè mọ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ kí ni?"

"Pé omi ò dúró." Ohùn rẹ̀ kéré, kò sì wo ojú rẹ̀. "Mo ń wo mákúrì nígbà tí a ń gbàdúrà. Mo rí i tó ń lọ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé bí mo bá tún tẹ aago yìí, irọ́ ni mo máa kọ. Mo fẹ́ jókòó kí n máa kà á lọ."

"Kí ló dé tí o ò jókòó?"

Ọmọ náà fa etí aṣọ rẹ̀ gùn díẹ̀. "Mo yíjú wo fèrèsé yín, sà. Mo rí yín lórí ìdúró, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Mo rò pé ẹ̀yin náà ń gbàdúrà. Mo ní bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni, Kí-Ló-Fà-Á ò ní dìde."

Kò tíì pe orúkọ ìnagijẹ yẹn lójú rẹ̀ rí. Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ojú tì í, ó tọrọ àforíjì, ó tún kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Ọkùnrin náà la ẹnu láti sọ fún un ohun tí ọwọ́ òun fẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn, pé gíláàsì ni òun fẹ́ kàn. Ó rí i pé kò sí ohun tí ọmọ náà yóò fi ìyẹn ṣe mọ́. Ó ní kó máa lọ, kó kí bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ti tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró kó ní kí wọ́n wọlé.